Géèmù gọ́ọ̀fù tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́: ṣé ìmọ̀ ni, àbí tẹ́tẹ́?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó ń pèsè fún gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ó kí wa tán, ó ní: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo máa ń yan géèmù fún àwọn èèyàn lórí WhatsApp, wọ́n á sì fún mi lówó. Bí àwọn líìgì bọ́ọ̀lù bá ti wọ ìsinmi, gọ́ọ̀fù ni mo máa ń yàn fún wọn. Mo máa ń kàwé nípa àwọn tó ń gbá a, mo sì máa ń ṣe ìṣirò kí n tó yàn. Àmọ̀ràn ni mò ń tà, mi ò ta tẹ́tẹ́. Ṣé ìyẹn náà burú ni?"

A bi í pé ṣé òun náà kì í fi owó sí ohun tó ń yàn fún àwọn ẹlòmíràn. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun ṣe é tó pọ̀. Owó ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ fi gààrí títà kó jọ ni ó fi sí i, nítorí ó dá a lójú pé èyí tóun yàn kò lè já. Ó já.

A kò fẹ́ dá òun nìkan lóhùn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti òun nìkan. Láti Ìdó dé Ìfàkì, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìtàpá, títí dé Ìkọ̀lé, fóònù ti sọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ àti ibùdó ọlọ́kadà di ilé tẹ́tẹ́. Ẹni tí ojú máa ń tì láti wọ ilé tẹ́tẹ́ lójú títì, inú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ti ń ta á báyìí. Nítorí náà, a fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa: báwo ni wọ́n ṣe ń yan géèmù gọ́ọ̀fù, ta ni èrè rẹ̀ ń bá, kí sì ni sẹríà sọ nípa ẹni tó ń yàn án fún ẹlòmíràn?

Kí ni wọ́n ń yàn?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi owó sí gọ́ọ̀fù ní àgbègbè wa ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ pápá rẹ̀ rí. Eré tí a ń fi ọ̀pá gígùn gbá bọ́ọ̀lù kékeré ni, títí bọ́ọ̀lù náà yóò fi wọ inú ihò. Ihò 18 ló wà nínú ìyípo kan. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù mọ níwọ̀n jù kó tó parí gbogbo ihò náà ló borí. Nínú àwọn ìdíje ńlá tí àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun máa ń lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fi gbá a, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, wọ́n á ní kí àwọn tí kò ṣe dáadáa máa lọ sílé.

Mẹ́rin ni àwọn ìdíje tó lórúkọ jù láàárín ọkùnrin: Masters nínú oṣù kẹrin, PGA Championship nínú oṣù karùn-ún, US Open nínú oṣù kẹfà, àti The Open nínú oṣù keje. Àkókò tí líìgì bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ń parí lọ, tó sì ń wọ ìsinmi, nìyẹn. Ilé tẹ́tẹ́ kì í sinmi ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa fi owó sí nǹkan lójoojúmọ́ yóò wá ohun mìíràn fi owó sí, gọ́ọ̀fù sì wà lára ohun tí wọ́n máa gbé sí iwájú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń yàn pọ̀: ta ni yóò gba ife, ta ni yóò wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nínú ẹni méjì tí wọ́n jọ ń gbá a, ta ni yóò ju èkejì lọ? Ẹni tó ń ta géèmù yóò kó èyí tó yàn pọ̀, yóò sọ ọ́ di kóòdù kan, yóò sì fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó. Ẹni yẹn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù rẹ̀, yóò fi owó tirẹ̀ sí i, yóò wá máa retí ọjọ́ Àìkú.

Kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn bàbá wa tó ta púùlù mọ̀ pé àwọn ìwé kan wà tí wọ́n máa ń rà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn tó kọ ọ́ máa ń sọ eré tí yóò parí sí ọ̀mì. Àwọn tó ń ta Bàbá Ìjẹ̀bú náà mọ àwọn tó máa ń pariwo pé nọ́ńbà méjì tó dájú wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀wù ló yí padà, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò yí padà.

Ìṣirò tí ilé tẹ́tẹ́ kì í kọ sára ògiri

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé àwọn méjì tí agbára wọn dọ́gba fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹni tó fi ₦1,000 sí ọ̀kan yẹ kó gba ₦2,000 bí ìyẹn bá borí. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ kì í san ìlọ́po 2. Ká ní 1.85 ni wọ́n kọ sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ₦1,000 sí àwọn méjèèjì, ₦2,000 ti jáde lápò rẹ. Ẹni yòówù kó borí, ₦1,850 ni o máa rí gbà. ₦150 ti lọ, bẹ́ẹ̀ o kò ṣi ẹnikẹ́ni yàn. Ibẹ̀ ni owó ilé tẹ́tẹ́ ti ń wá. Wọn kò nílò kí o jẹ́ òpè kí wọ́n tó jèrè lára rẹ.

Àwọn tó ń ta géèmù kì í sì í yan ẹyọ kan. Wọ́n á so márùn-ún pọ̀, kí owó tí wọ́n ṣèlérí lè tóbi lójú. Bí o bá so irú 1.85 yìí márùn-ún pọ̀, ₦1,000 yóò di nǹkan bí ₦21,670 bí gbogbo wọn bá bọ́ sí i. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí agbára àwọn olùdíje bá dọ́gba, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 32 ni gbogbo márààrún lè bọ́ sí i. Ẹni tó bá ta á nígbà 32 yóò ná ₦32,000, yóò rí nǹkan bí ₦21,670 gbà padà, yóò sì pàdánù ju ₦10,000 lọ. Bẹ́ẹ̀, owó kan tó jẹ yẹn ni yóò máa ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ní ròyìn 31 tó já.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ńkọ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní òun ń ṣe ìwádìí. A kò ní sọ pé kò sí ìmọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù mọ̀ pé àwọn kan sàn ju àwọn kan lọ. Scottie Scheffler, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ife méje nínú àwọn ìdíje PGA Tour lọ́dún 2024 nìkan. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ọ̀dọ́ wa lè kà lórí fóònù rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, àwọn oníṣirò ilé tẹ́tẹ́ ti kà á ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti fi sínú iye tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti yọ èrè tiwọn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyókù tó ṣẹ́kù, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo ìdíje The Open ti ọdún 2003. Ẹni 156 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Ben Curtis, tó wà ní ipò 396 lágbàáyé nígbà náà, ló gba ife. Ẹ wo Masters ti ọdún 2011. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn mọ́, Rory McIlroy, ọmọ Northern Ireland, ti fi bọ́ọ̀lù mẹ́rin ṣáájú gbogbo èèyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà 80, ó já sẹ́yìn pátápátá, Charl Schwartzel ọmọ South Africa ló sì gba ife. Ọdún 2025 ni McIlroy tó wá gba ife náà. Ẹni tó bá fi owó sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, tí ó rò pé ó ti parí, ọdún 14 ni ì bá fi dúró.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024 ńkọ́? Scheffler kan náà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń wakọ̀ lọ sí pápá PGA Championship ní ìlú Louisville, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdíje, ni ọlọ́pàá bá mú un lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, ó sì tún padà wá gbá gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣe, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà pátápátá. Xander Schauffele ló gba ife. Ìṣirò wo ni ó lè mọ̀ pé ọlọ́pàá yóò mú ẹni tó dára jù lágbàáyé kó tó jẹun òwúrọ̀? Sūrat Luqmān, áyà 34, ti kọ́ wa pé ẹ̀mí kankan kò mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la. Ẹni tó ń ta "èyí tó dájú" ń ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n àwọn tó ń ta géèmù

Àwọn kan yóò ní: "Àáfà, mo mọ ẹnì kan tí ó yàn án lẹ́ẹ̀mẹrin tí gbogbo rẹ̀ jẹ." Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí ìmọ̀ kankan níbẹ̀.

Ká sọ pé ẹnì kan ní nọ́ńbà fóònù 1,600. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó kọ sí 800 pé Lágbájá ni yóò borí, ó kọ sí 800 yòókù pé Tàmẹ̀dù ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò ní ṣàì ṣẹ. Ó gbàgbé àwọn 800 tí ó ṣì fún, ó dojú kọ àwọn tó ṣẹ fún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún pín wọn sí méjì. Ó ku 400. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku 200. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ku 100. Àwọn 100 yìí ti rí i tí ó sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Lójú wọn, wòlíì ni. Bó bá wá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦5,000 fún ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ₦500,000 ti wọlé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú.

Ọ̀nà kejì tún wà. Nínú òwò tẹ́tẹ́ lágbàáyé, àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fún ẹni tó bá mú oníbàárà wá ní ìpín nínú owó tí oníbàárà náà bá pàdánù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó ń yan géèmù fún ọ lè jẹ́ ẹni tí yóò gba owó nígbà tí tìrẹ bá já. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní olùdámọ̀ràn?

Bí o bá sì rí àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ owó ńlá, rántí pé kò sí ẹni tó ń gbé àwòrán èyí tó já sórí WhatsApp. Bí ẹnì kan bá mọ ohun tí yóò sọ òun di olówó lọ́jọ́ Àìkú, kí ló dé tó fi ń wá ₦2,000 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?

Ohun tí sẹríà sọ

Orúkọ tí Àlùkùráánì pe tẹ́tẹ́ ni maysir. Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá máa ń pa ràkúnmí, wọ́n á kó ọfà mẹ́wàá sínú àpò. Méje nínú ọfà náà ní ìpín, láti orí ìpín kan dé ìpín méje. Mẹ́ta kò ní nǹkan kan. Ẹni tí ọfà rẹ̀ bá ní ìpín yóò gba ẹran, àwọn tí tiwọn bá jẹ́ òfìfo ni yóò san owó ràkúnmí. Àwọn tó jẹ sábà máa ń pín ẹran náà fún àwọn aláìní, wọ́n á sì fi ṣe fáàrí.

Ẹran dé ọwọ́ aláìní, síbẹ̀ Ọlọ́hun kò fi ìyẹn sọ ọ́ di hàláàlì. Sūrat al-Baqarah, áyà 219, jẹ́ kó yé wa pé àǹfààní wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́ fún èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ. Nígbà tó yá, Sūrat al-Mā'idah, áyà 90 àti 91, kà á mọ́ ọtí àti òrìṣà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbin inú iṣẹ́ Ṣàìtánì, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ó ń dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín èèyàn, ó sì ń gbàgbé ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun mọ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò fi owó tẹ́tẹ́ ra síménǹtì fún mọ́ṣáláṣí kò sọ ohun tuntun. Àwọn ará àtijọ́ ti fi ẹran ràkúnmí sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: ṣé owó tí ẹni tó gba ife gọ́ọ̀fù gbà náà jẹ́ tẹ́tẹ́? Ó yàtọ̀. Bí ẹlòmíràn bá gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe dáadáa jù, tí àwọn olùdíje kò fi owó tiwọn sí i kí ọ̀kan kó ti èkejì lọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ ni kí èmi àti ìwọ gbé owó sílẹ̀ lórí ohun tí a kò mọ, kí èrè tèmi jẹ́ àdánù tìrẹ. Ẹni tó gbá gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́. Ẹni tó jókòó sí Ọ̀yẹ́ tó fi owó sí i kò ṣiṣẹ́ kankan.

Ẹni tó yàn án tà wá ńkọ́? Sūrat al-Mā'idah, áyà 2, kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, ẹni mẹ́wàá ni Ànábì ṣẹ́bi lé lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹni tó gbé e àti ẹni tó tà á wà lára wọn, kì í ṣe ẹni tó mu ún nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni hádíìsì Bukhari àti Muslim kọ́ wa pé ẹni tó kàn sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá kí àwọn ta tẹ́tẹ́, kí ó yọ sàráà. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bá nílò sàráà, kí ni a máa sọ nípa ẹni tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí èèyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀? Ànábì tún kọ òwò tí ohun tí à ń tà kò dájú, bí ẹni ta ẹja tó ṣì wà nínú odò. Géèmù tí a kò tíì gbá, ẹja inú odò ni.

Ìjọba Èkìtì náà ní ojúṣe

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Àbújá nìkan ló ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Nàìjíríà dájọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005 káàkiri ìpínlẹ̀. Àbújá nìkan ló kù fún un. Ìpínlẹ̀ Èkó ló pe ẹjọ́ náà láti ọdún 2008, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà lára àwọn tó dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Adó-Èkìtì ni àṣẹ wà báyìí. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá wà nítòsí ilé-ìwé, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá ń wọ ibẹ̀, àwọn aṣòfin wa tó wá tọrọ ìbò ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ni ká lọ bá. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí àti àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Jésù jọ sọ ọ́, nítorí ọmọ gbogbo wa ni.

Kí ni kí ẹni tó ti wọ inú rẹ̀ ṣe?

Èkíní, kó dáwọ́ dúró, kó má sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ gba èyí tó sọnù padà. Ọ̀rọ̀ "kí n gba owó mi padà" yìí ló ń sọ gbèsè kékeré di ńlá. Kó yọ ohun èlò tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù, kó sì kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín kóòdù.

Èkejì, bó bá jẹ́ pé ó ta géèmù, kó wá àwọn tó gba owó lọ́wọ́ wọn, kó dá a padà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tùbá lórí ẹ̀tọ́ ọmọ èèyàn kò pé láìdá ẹ̀tọ́ padà. Èyí tó jẹ nínú tẹ́tẹ́ tí kò mọ olówó rẹ̀ mọ́, kó fi fún aláìní, kó má retí láádá sàráà lórí rẹ̀, kó kàn fi wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kó sọ fún ẹnì kan. Gbèsè tẹ́tẹ́ máa ń dàgbà nínú òkùnkùn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá jẹ́wọ́, ẹ má fi ariwo lé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta géèmù fún un. Ẹ bínú, ẹ sì jókòó tì í. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí orí mínbárì nìkan. Ọ̀dọ́ tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ní àgbà tó lè bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kò ní pẹ́ kó tó fi fóònù sílẹ̀.

Èsì tí a fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò gùn. A ní: "Ìwọ fúnra rẹ lo gba géèmù tí o yàn gbọ́, ìwọ náà ló sì kó owó ìyá rẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ni, ìwọ ni ì bá kọ́kọ́ ṣe láǹfààní." Ó ti ń dá owó padà fún àwọn tó sanwó fún un, ẹni mẹ́ta ló ti san án fún nígbà tí a kọ èyí. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní kí a bá òun lọ, a sì ti gbà láti tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì Rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú haràámù, kí Ó tún àwọn ọmọ wa ṣe, kí Ó sì dá ohun tó sọnù lọ́wọ́ àwọn ìyá wa padà fún wọn pẹ̀lú ìbùkún. Àmín.